Díẹ̀díẹ̀ ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà

Ìkìlọ̀ ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí ṣe, fún ẹni tó ń yá owó kéékèèké, fún ọmọ tó ń jí ẹran ìkòkò jẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fọ́gbà wọlé. Imú ló máa kọ́kọ́ tì bọ àlàfo igi méjì, á gbóòórùn iṣu, á tún ti orí sí i. Kí olóko tó jí, gbogbo ara ti wọlé. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ohun rere náà ń gba àlàfo yẹn wọlé síni lára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe wọ̀ mí lára.

Orúkọ ni imú tó kọ́kọ́ wọlé. Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2018 ni, a wà nílé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston. Oúnjẹ ni mo dojú kọ, mi ò tiẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ pe Arike Ogunbowale. Mo gbórí sókè. Àríkẹ́! Oríkì tí ìyá àgbà fi ń ki ọmọ láàárọ̀ ni òyìnbó ń pè yìí o. Ọmọ náà, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ń gbá àṣekágbá fún Notre Dame pẹ̀lú Mississippi State nílùú Columbus. Àmì 15 ni Mississippi State ti fi ṣáájú wọn tẹ́lẹ̀. Notre Dame lé e bá, ó di 58 sí 58, ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Àríkẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ó sáré gba ọwọ́ ọ̀tún, ó fò, ara rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jù ú. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n wẹ́rẹ́. Àmì mẹ́ta! Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, irú rẹ̀ náà ló fi na UConn.

Lọ́jọ́ tí a bá ṣẹ́gun, kò ṣòro fẹ́nikẹ́ni láti pariwo. Lọ́dún 2019 ni orí ẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀lé imú. Ó tún di àṣekágbá, Baylor fi àmì méjì ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1.9. Wọ́n ṣẹ Àríkẹ́, adájọ́ ní kó ju bọ́ọ̀lù méjì láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Àkọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. Ìkejì wọlé, 82 sí 81 ló parí sí. Ọwọ́ kan náà tó mú ìṣẹ́gun wá lọ́dún tó ṣáájú ni. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, àwọn márààrún tó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré fún Notre Dame ló gba WNBA, líìgì àwọn obìnrin tó ń fi eré yìí jẹun, lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Notre Dame borí nígbà 13, wọ́n pàdánù nígbà 18. Síbẹ̀, mo ṣì ń wò wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé gbogbo ara ti wọgbà.

Ọdún mẹ́rin péré ni ọmọ sábà máa ń lò ní yunifásítì. Ẹ ó rí i bó ṣe dé tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Tó bá fi máa pé ọdún mẹ́rin, òun ló ń pàṣẹ fẹ́gbẹ́. Bó ṣe ń palẹ̀ mọ́, òmíràn ti dé tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ta ló fẹ́ kúrò nídìí irú eré bẹ́ẹ̀?

Eré náà fúnra rẹ̀, imú ló kọ́kọ́ tì wọlé. Lọ́dún 1974, Pat Summitt di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Tennessee lọ́mọ ọdún 22. Dọ́là 250 ló ń gbà lóṣù, òun ló ń wakọ̀ ẹgbẹ́, òun náà ló ń fọ aṣọ ìṣeré wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2012, ó ti borí nígbà 1,098, ó sì ti gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́jọ. Lọ́dún 2024, mílíọ̀nù 18.9 èèyàn ló wo àṣekágbá South Carolina àti Iowa, ìgbà àkọ́kọ́ tí òǹwòran tàwọn obìnrin máa ju tàwọn ọkùnrin lọ. Caitlin Clark ti Iowa ló fa ọ̀pọ̀ wọn wá, inú mi sì dùn pé wọ́n wá.

Clark ti lọ, àmọ́ ẹ̀yin ẹ má lọ. Oṣù kọkànlá ni sáà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ẹgbẹ́ kan, kí ẹ wá ọmọ ọdún kìíní tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.