Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́ta Kò Lè Dúró De Ugbowo

Ní Oregbeni, lókè odò Ikpoba ní ìlú Benin, bí obìnrin bá bímọ tí ara rẹ̀ sì le, kì í pẹ́ padà sílé. Ìyá àgbà á ṣí àpótí, á kó aṣọ tí ọmọ tó ṣáájú wọ̀ jáde, hóró káńfọ̀ funfun á máa yí bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá. Wọn á gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn á wọ̀ ọ́ fún ìkókó. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí funfun ojú ọmọ wá rí bí àtalẹ̀ pupa, wọn á gbé e sẹ́nu fèrèsé kí oòrùn àárọ̀ lè bà á, wọn á fún un lómi glúkóòsì tàbí omi ìbẹ́pẹ.

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì ti rí nínú ọpọlọ ìkókó fi hàn pé ewu ọjọ́ wọ̀nyẹn ju agbára fèrèsé lọ. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn àdúgbò, títí kan ti Oregbeni, ní ohun tí wọ́n á fi wọn ibà pọ́njú ọmọ tuntun àti ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n á fi wò ó.

Ibà yìí kò kan ẹ̀fọn. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ bá gbó, ara á fọ́ ọ, èròjà kan tó pọ́n á jáde látinú rẹ̀. Bilirubin lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wà nínú, ibi ọmọ ló ń bá a kó o dànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́rùn ẹ̀dọ̀ tí kò tíì gbó. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Lára àwọn mìíràn, ṣe ló ń gòkè títí á fi wọ ọpọlọ.

Ẹnu ọ̀nà ọpọlọ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, inú ọ̀rá ni bilirubin sì ti ń yòrò. Nítorí náà, kò nílò ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ohun tó ń dá a dúró ni àwọn oníbodè: purotéènì kan wà lára awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, P-glycoprotein ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti irú àlejò bẹ́ẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà ní i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ti ìkókó kò tíì pé, ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Lisbon, nílẹ̀ Potogí, Dora Brites àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku nínú àwo, wọ́n fi bilirubin kàn án. Sẹ́ẹ̀lì tí ọjọ́ rẹ̀ kéré jù ló jìyà jù, ẹ̀ka tó yẹ kó nà kò sì gùn mọ́. Ẹ̀ka wọ̀nyẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọpọlọ ọmọ ènìyàn, ibi tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àti ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé ni bilirubin máa ń bà jẹ́ jù. Ìdí nìyí tí ọmọ tó yè é fi lè dití, tàbí kí ara rẹ̀ máa lọ́ láìjẹ́ pé ó fẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú níbẹ̀ kì í padà.

Káńfọ̀ inú àpótí wá ń dá kún un. Ní gúúsù Nàìjíríà, nǹkan bí ọmọkùnrin 1 nínú 5 ni kò ní G6PD tó, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Ní Ìbàdàn lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìtó yìí ń dí kòkòrò ibà ẹ̀fọn lọ́wọ́, òun ló fi wọ́pọ̀ láàárín ẹ̀yà tó ti ń gbé pẹ̀lú ẹ̀fọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n naphthalene ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà bíi káńfọ̀, òórùn rẹ̀ lára aṣọ sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbígbọn aṣọ kò tó. Inú àpótí aṣọ ọmọ kò tilẹ̀ yẹ kó rí káńfọ̀.

Àwọn tó ń gbọ́mọ sẹ́nu fèrèsé á ní oòrùn ni òyìnbó náà kọ́kọ́ lò. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nọ́ọ̀sì àgbà Jean Ward máa ń gbé àwọn ìkókó lọ sínú ọgbà. Lọ́jọ́ kan ó ṣí aṣọ lára ọmọ kan níwájú dókítà: gbogbo ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibi tí etí aṣọ bò, tó ṣì pọ́n. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́nu fèrèsé kò tó, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn gbangba fún wákàtí púpọ̀ lè jó awọ ọmọ kó sì gbẹ omi ara rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìyẹn ti wà nílé. Tina Slusher, Bọ́lájókò Olúṣànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pa àgọ́ tí wọ́n fi rọ́bà fẹ́lẹ́ bò, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò, tó ń dí ooru àti ìtànṣán tó ń jóni, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọjá. Wọ́n fi wé ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ oníná lára ọmọ 447 ní Èkó, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: ó ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n yẹ̀ wò, ti ẹ̀rọ iná jẹ́ ìdá 90. Wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á ṣú, nítorí náà ẹ̀rọ iná kò lè kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ máa wọn ìgbóná ara ọmọ. Síbẹ̀, fún àdúgbò tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Edo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni.

Láti Oregbeni dé ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Benin ní Ugbowo, ọkọ̀ á kọjá odò, á gba Ring Road, á tún la ìlú já. Ọmọ tí bilirubin ń gòkè lára rẹ̀ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ dúdú sì ń fi àrùn náà pamọ́, kò hàn bí ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì tó bá ya ilé lọ́jọ́ kẹta á tẹ imú ọmọ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, á gbé ìka kúrò, á wo àwọ̀ tó kù níbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà, á wo èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀, á sì béèrè bóyá ó ṣì ń mu ọmú dáadáa.