Ọjọ́ Kẹjọ Ti Pẹ́ Jù

Ẹ̀yin ará mi ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti ní gbogbo gúúsù Èkìtì, bí a bá bí ọmọ sí ilé yín lónìí, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ wá fún un? Orúkọ ni. Ẹ ó wá oyin àti iyọ̀, ẹ ó pe pásítọ̀, ẹ ó yá àga. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ náà nílò ṣáájú orúkọ: abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B. Láàárín wákàtí 24 ni ó yẹ kí ó gbà á.

Kí ló fa ìkánjú? Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé. Ìyá tí ara rẹ̀ le lè ní in láìmọ̀, kí ó sì kó o ran ọmọ nígbà ìrọbí. Nínú àgbàlagbà 100 tí ó bá kó o, àwọn tí yóò máa bá a gbé kò tó 5. Nínú ọmọ ìkókó 100, nǹkan bí 90 ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ tàbí kí jẹjẹrẹ tó mú un. Nígbà náà ni ẹbí yóò máa wá àjẹ́ kiri. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nǹkan bí 8 ní in lára. Ẹ ka àwọn tí ó jókòó nínú ìjọ yín lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ẹ ṣe ìṣirò náà.

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí fún ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ta ló wá ń dá a dúró?

Àwa ni àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ìyá àgbẹ̀bí inú ìjọ, n kò ní kí ẹ pa àdúrà tì. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì rán bàbá ọmọ lọ gbé ọmọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń ní kí ìyá padà wá ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí ọmọ lè pọ̀, kí oògùn má baà ṣòfò. Òótọ́ ni pé bí a bá ti ṣí ìgò BCG, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6. Ti mẹ́dọ̀wú kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù bí ó ti yẹ, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà kí a lò ó títí di ọjọ́ 28. Kí wá ni ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ẹtì ń dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún? Ẹ bi wọ́n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀. Bí wákàtí 24 bá sì ti kọjá, ẹ gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀síbẹ̀. Ó sàn ju àìgbà lọ.

Àgbàlagbà ńkọ́? Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù 6, pàápàá onígbàjámọ̀, olóòlà, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀bí, àti ẹni tí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ní in. Àjẹsára kì í wo ẹni tí ó ti ní in sàn, ṣùgbọ́n oògùn wà tí ó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba. Ẹ má ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. A kì í kó o níbi àjọjẹun.

Àpò ara wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń san ti àgbàlagbà, níbẹ̀ sì ni aláìní ti ń kú. Ará Samáríà kò kàn ṣàánú fún ẹni tí ó fara gbọgbẹ́. Ó sanwó ìtọ́jú rẹ̀. Ìjọ tí ó lè ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn lè san owó àyẹ̀wò àwọn aboyún rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, kí ẹ sì gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ọmọ tí a ó bí lóru òní kò lè dúró de ọjọ́ kẹjọ.