Ẹ̀rù Èébì Lójú Ọ̀nà Òṣogbo

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni àwọn onísìn tó wà lókè òkun ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọọdún, àwọn kan a máa wà nínú wọn tí kì í lọ mọ́ nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọn a ní iṣẹ́ ni kò jẹ́, tàbí pé owó kò tó. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Nígbà mìíràn, èébì ni. Ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto, tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú ju wákàtí 2 lọ rí, tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé sì máa ń mú bì láti kékeré, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lóru: báwo ni òun ṣe máa jókòó wákàtí mẹ́fà, mẹ́wàá, láàárín àwọn tí òun kò mọ̀ rí? Ojú a máa tì í láti sọ ọ́. Ta ló fẹ́ sọ fún Ìyálóòṣà rẹ̀ pé èébì ni kò jẹ́ kí òun wá kí Yèyé?

Ohun tó ń fa èébì ọkọ̀ kò le láti yé ènìyàn. Inú etí lọ́hùn-ún ni ohun tí ara fi ń mọ̀ pé òun ń mì wà. Bí ọkọ̀ bá ń mì, etí á sọ fún ọpọlọ pé ara ń lọ. Ojú tó tẹ̀ mọ́ fóònù á ní kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ kò mọ èyí tí òun ì bá gbà gbọ́, ikùn ló sì máa ń jìyà ìjà náà. Ìdí nìyí tí awakọ̀ kì í fi í sábà bì: ó ń wo ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé kọ́nà ń bọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ tún máa ń dá kún un. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣọ́ ikùn ara rẹ̀ á gbọ́ gbogbo ohun tí ikùn náà bá wí. Àyà á máa já, èémí á kúrú, itọ́ á kún ẹnu, kò sì tíì jáde nílé. Lẹ́yìn náà ni kò ní jẹun, nítorí ó rò pé ikùn tó ṣófo kò lè bì. Ó lè bì dáadáa, omi kíkorò ni yóò sì bì. Oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní òróró púpọ̀ ló sàn: búrẹ́dì, ẹ̀kọ, ìrẹsì funfun, kó tó kúrò nílé bí wákàtí 2. Bí àyà bá sì ń já, kó rọra fa èémí sínú, kó jẹ́ kí ìmí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ, nígbà mẹ́wàá. Bí ẹ̀rù èébì bá ti ń dí ẹnì kan lọ́wọ́ fún ọdún púpọ̀, tí kò jẹ́ kó jẹun lóde tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ju ti ọkọ̀ lọ. Kó bá dókítà sọ ọ́. Ìtọ́jú wà fún un.

Ní ti oògùn, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Ìlú Ọba, cinnarizine ni kẹ́mísìtì sábà máa ń mú jáde, wákàtí 2 ṣáájú ìrìn-àjò sì ni wọ́n ń lò ó. Wọn kì í tà á ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: dimenhydrinate tàbí meclizine ni ti Amẹ́ríkà, dimenhydrinate náà ni Gravol àwọn ará Kánádà àti Dramin àwọn ará Bràsíìlì. Hyoscine tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí tún wà, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 3. Kò yẹ kí ẹni tó ní glaucoma fọwọ́ kàn án. Oorun ni púpọ̀ nínú wọn ń mú wá, nítorí náà ọtí kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e. Aboyún, arúgbó àti ẹni tó ń lo oògùn mìíràn gbọ́dọ̀ bi apòògùn kọ́kọ́. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n dán an wò nílé ní ọjọ́ Sátidé kan tí kò sí iṣẹ́. Orí òkun Àtìláńtíìkì kọ́ ló yẹ kí ènìyàn ti mọ ohun tí oògùn ń ṣe fún ara òun. Atalẹ̀ náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, yálà èyí tí wọ́n sè mu tàbí èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, kò sì ní ìdí tí ọmọ Yorùbá yóò fi máa fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: oògùn tí wọ́n ń lò kí ibà má baà mú wọn ní Nàìjíríà lè rú ikùn ju ọkọ̀ òfurufú lọ. Doxycycline ń fẹ́ oúnjẹ àti omi púpọ̀, kí ẹni tó lò ó má sì sùn lé e lójú ẹsẹ̀. Atovaquone-proguanil náà ń fẹ́ oúnjẹ tàbí mílíìkì. Ẹni tó bá bì láàárín wákàtí 1 lẹ́yìn tó lò ó gbọ́dọ̀ lo òmíràn. Mefloquine lè fa òòyì àti àlá burúkú, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 ṣáájú. Ẹni tí èébì ń bà lẹ́rù kó sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn fún un. Kó má sì sọ oògùn ibà nù nítorí ikùn. Àwọn tí wọ́n bí sí òkè òkun kò ní ohun tí ara àwọn tó dàgbà sí Òṣogbo fi ń bá ibà jà.

Inú ọkọ̀ òfurufú gan-an ni ọ̀rọ̀ rọrùn jù. Ìjókòó tó bá apá ọkọ̀ ṣe déédéé kì í mì tó ti ẹ̀yìn. Àpò èébì sábà máa ń wà níwájú ìjókòó, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sì ti rí èébì tó pọ̀ débi pé ọ̀kan kò ní yà wọ́n lẹ́nu.

Ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Láti pápákọ̀ òfurufú Èkó sí Òṣogbo ju 200 kìlómítà lọ, ọjọ́ tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ bá sì wà, ó lè gbà ju wákàtí ọkọ̀ òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Lẹ́yìn Ìbàdàn, yálà wọ́n gba Ìwó tàbí Gbọ̀ngán, kòtò àti bọ́ńpù ló ń pàdé ènìyàn. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì lójijì, á yà sósì, á tún yà sọ́tùn-ún, òórùn epo bẹntiróòlù á sì gba inú ọkọ̀. Ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní alẹ́ kó sùn ní Èkó, kó jáde ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Kó gba ìjókòó iwájú, kó sọ̀rọ̀ kó tó wọlé: àgbà tó bá wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń fi síwájú, bí ọmọdé bá sì dákẹ́, ẹ̀yìn ni wọ́n á fi í sí. Kó wo ọ̀nà lókèèrè, kó fi fóònù sápò. Kó mú ọ̀rá méjì tí kò lu dání, omi, àti aṣọ ìnujú kan. Bó bá ti ń gbé e, kó sọ fún awakọ̀ pé kó dúró. Kò sí awakọ̀ kan lójú ọ̀nà yẹn tí kò ní dúró kíákíá tó bá gbọ́ pé èébì ń gbé ènìyàn lórí ìjókòó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀, nígbà tí Arugbá bá ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tí èrò pọ̀, tí ooru mú, tí ìlù ń dún. Ọmọ òrìṣà kan ní Manchester ké sí Ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò rẹ̀.

“Oore Yèyé o, Ìyá mi. Ẹ má bínú o. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá bì níwájú àwọn àgbà.”

“Oore Yèyé o, ọmọ mi. Ta ni kò bì rí? Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ bì ní Òṣogbo ni? Jẹun díẹ̀ kí o tó jáde, kí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó bá ti ń gbé ọ, fọwọ́ kàn mí.”

Ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé lọ́kàn fún oṣù mẹ́rin parí láàárín ìṣẹ́jú kan. Àǹfààní wà nínú kí àgbà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Yóò mọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ náà ní obì jẹ ní àárọ̀ kùtù kó tó jẹun, pé ọtí tó bá kan ètè ti tó, àti pé oògùn kan wà lára rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó pò àgbo fún un. Omi odò pẹ̀lú ńkọ́? Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún, nítorí ìdọ̀tí tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi omi náà tọ́ orí, tó fi bọ́jú, tó sì tọrọ ohun tó fẹ́ tọrọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ Yèyé.

Bí ó bá sì wá bì ńkọ́? Àwọn kan a máa yára sọ pé àmì ni, pé òrìṣà kò gbà á, tàbí pé ayé ń ṣe é. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé àwọn kan padà sí òkè òkun pẹ̀lú ẹkún. Ikùn kì í ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀. Bí ohun kan bá wà tí òrìṣà fẹ́ sọ, ẹ̀ẹ́rìndínlógún wà, obì wà, Ifá wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n bi sì wà nílùú. Kí wọ́n bi í. Ṣáájú ìyẹn, kí wọ́n fún un ní omi: ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Èébì tó bá wá pẹ̀lú ibà lẹ́yìn tí wọ́n padà dé ilé kì í ṣe ti ọkọ̀ mọ́. Bí ara bá gbóná ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n dé Nàìjíríà, tàbí ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n kúrò níbẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n lọ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún dókítà sì jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bọ̀.