Igbó Lama: Ṣé àgbọ̀nrín lè jẹ ewé tíìkì?

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ igbó ní Kraké níbí, àwọn kan máa ní kí ló kàn wá. Ẹnubodè la wà, iyanrìn àti òkun ò jìnnà sí wa, ọjà sì niṣẹ́ wa. Àmọ́ pákó tíìkì tí a fi ń ṣe ilẹ̀kùn àti ẹran ìgbẹ́ tí àwọn kan fẹ́ràn, inú igbó ni wọ́n ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ igbó Lama wò.

Àárín Toffo àti Zogbodomey ni igbó náà wà. Lọ́dún 1946, ìjọba Faransé sọ ọ́ di igbó ọba, ó tó 16,250 hẹ́kítà. Amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó máa ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò; ohun tí Lama túmọ̀ sí lédè Potogí náà nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ dáko síbẹ̀, ìjọba gbin tíìkì, igbó àtijọ́ wá ń tán lọ. Lọ́dún 1988, wọ́n ya àárín rẹ̀ sọ́tọ̀, nǹkan bí 4,800 hẹ́kítà, pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni àgbọ̀nrín, ẹtu àti ọ̀bọ oníkùn pupa tí kò wọ́pọ̀ mọ́ sá sí. Oko tíìkì ló yí wọn ká.

Ẹni tó bá wo tíìkì látojú títì máa rò pé igbó ni. Ẹranko ò rí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ, ibi ìsápamọ́sí àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá. Ewé tíìkì le, kì í ṣe oúnjẹ àgbọ̀nrín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé náà á wọ́ dànù, iná á tètè ràn níbẹ̀, ọdẹ á sì rí ẹran lókèèrè. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ kí igbó kéékèèké hù sábẹ́ tíìkì, ẹranko lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ní Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti 1989 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa elk, ìyẹn àgbọ̀nrín ńlá tiwọn, nínú igbó Starkey tí wọ́n ti ń gé igi. Wọ́n rí i pé ó máa ń yẹra fún ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà. Oúnjẹ lè wà létí ọ̀nà, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó dúró jẹ ẹ́. Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà tí ọkọ̀ agégi bá là, ọdẹ náà á gbà á wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé èèyàn. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wà lára àwọn tó ń dáko ní Lama kí wọ́n tó kó wọn kúrò láàárín igbó. Ẹni tí wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò rí nǹkan kan jẹ lára tíìkì, kí ló máa mú un ṣọ́ igbó? Bó bá ríṣẹ́ níbẹ̀, òun gan-an ló máa kọ́kọ́ pariwo nígbà tíná bá sọ.

Lójú tiwa, ohun mẹ́ta ló yẹ: kí wọ́n fi igi ìbílẹ̀ sílẹ̀ láàárín oko tíìkì, kí wọ́n dí ọ̀nà agégi pa bíṣẹ́ bá parí, kí wọ́n sì gba ará abúlé síṣẹ́. Àwa tó ń ra pákó ní Kraké náà, ká máa béèrè ibi tí wọ́n ti gé e, ká sì ní kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá. Bí kò bá sí olùrà, olè ò ní gbé igi wá sọ́jà.