Òkè Patti: kí wọ́n tó gbin igi, kí wọ́n pe gbogbo wa jókòó

Ọ̀rọ̀ òkè la gbé wá lónìí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ igbó ara Òkè Patti, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ìjọba lọ gbin igi síbẹ̀, kó sọ ọ́ di páàkì, ó parí. Àwa fara mọ́ ọn kí igbó náà padà. Àmọ́ a ò fara mọ́ ọn pé ìjọba nìkan ni kó jókòó ṣètò rẹ̀, a ò sì fara mọ́ ọn kí àwa Yorùbá tó wà níbí máa sọ pé kò kàn wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ohun tí òkè yìí jẹ́. Ó ga tó mítà 458. Orí rẹ̀ ni ilé ìsinmi Lugard wà, ibẹ̀ náà ni igi osè àtijọ́ tí àwọn àlejò ń lọ ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja yìí, tí Lugard sì bẹ̀rẹ̀ ìjọba Àríwá. Flora Shaw, tó padà di ìyàwó rẹ̀, ló kọ orúkọ Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn The Times ní London lọ́dún 1897. Àwọn kan tiẹ̀ ń sọ pé orúkọ ìlú yìí gan-an, ara igi ló ti wá: Hausa ń pe ìrókò ní loko, ja sì ni pupa. Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ igi, ṣé ó wá yẹ kí orí òkè rẹ̀ pá?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìtàn àti fọ́tò la ṣe ń sọ̀rọ̀. Omi ni. Oríṣi omi méjì ló ń yọ Lọ́kọ́ja lẹ́nu. Èkíní ni omi Odò Ọya àti Bẹ́núé. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣe lọ́dún 2012 àti 2022. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé igi orí Patti ló máa dá omi yẹn dúró. Guinea ni Ọya ti ń bọ̀, Cameroon ni Bẹ́núé ti ń bọ̀, ọwọ́ igi wa ò dé ọ̀hún. Èkejì ni omi òjò tó ń ṣàn láti ara òkè wá sáàárín ìlú. Èyí wà ní ìkáwọ́ wa. Níbi tí igi àti koríko bá wà, ewé á kọ́kọ́ gba òjò, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, omi á rọra wọlẹ̀. Níbi tí ara òkè bá ṣófo, omi á sáré wálẹ̀ tòun ti iyanrìn, iyanrìn á dí gọ́tà, gọ́tà á tú sójú títì, ó di inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ní àpò ìrẹsì tàbí sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ mọ ohun tí òjò wákàtí kan péré lè gbà lọ́wọ́ òun.

Ta ló wá ń gé igi? Ẹni tó ń gé e kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀tá ìlú. Àtijẹ ni. Igi tó gé, ìlú ló ń rà á: olóúnjẹ, ẹlẹ́ran sísun, àwọn tó ń dáná lóde ìnáwó. Bí gáàsì bá ti wọ́n, èédú á tà. Àwọn mìíràn ń dáko, àwọn kan ń fọ́ òkúta, àwọn kan ń kọ́lé gun òkè torí pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti wọ́n, omi odò sì ti lé wọn. Bí ìjọba bá kàn gbé wáyà wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kí gbogbo wọn kúrò, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gé wáyà náà. Tí wáyà bá ti já, páàkì parí nìyẹn.

Ẹ wo Nairobi ní Kenya. Igbó kan wà láàárín ìlú náà tó ń jẹ́ Karura, ó ju hẹ́kítà 1,000 lọ. Ní 1998, wọ́n ti ń pín in fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Wangari Maathai kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n lọ gbin igi síbẹ̀. Wọ́n lu ìyá náà ní oṣù kìíní ọdún 1999 títí orí rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n igbó náà ò lọ. Ìjà ló gba igbó sílẹ̀, àmọ́ ètò ló tún un ṣe. Òfin igbó Kenya ti ọdún 2005 fàyè gba ará àdúgbò láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n bá ìjọba tọ́jú igbó. Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ dìde ní Karura. Àwọn olówó wà níbẹ̀, àwọn tálákà Huruma tí ilé wọn fara ti igbó náà wà níbẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ọ̀dọ́ Huruma sí iṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó.

Nílé wa náà, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣì wà títí dòní, hẹ́kítà 75. Ìjọba fi òfin dáàbò bò ó lọ́dún 1965, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ìwé òfin nìkan kọ́ ló pa á mọ́ o. Àtàọ́ja, àwọn olórìṣà, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tajà nígbà ọdún, oníkálukú ló ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn kì í fẹ́ kí ohun tó ní ìpín nínú rẹ̀ bàjẹ́.

Nípa igi gbígbìn, a mọ bó ṣe máa ń rí. Òjò á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ igi wá, ọ̀gá á wa ilẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di ọyẹ́, ewúrẹ́ á jẹ díẹ̀, oòrùn á pa díẹ̀, iná igbó á jó ìyókù. Ní agbègbè Maradi lórílẹ̀-èdè Niger, láti 1983, òyìnbó Australia kan, Tony Rinaudo, fi han àwọn àgbẹ̀ pé kùkùté igi tí wọ́n gé ò tíì kú. Wọ́n ń ṣa ẹ̀ka tó dára lára èyí tó tún rú, wọ́n ń gé ìyókù, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ilẹ̀ tí igi ti padà sí lọ́nà bẹ́ẹ̀ ní Niger tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 5. Ṣíṣọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ta ló sì mọ ibi tí kùkùté wà lórí Patti ju agégi fúnra rẹ̀ lọ?

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, àlejò ni wá, ẹ jẹ́ ká tajà wa jàre." Òótọ́ wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn bá tiwa tan, ti wà lórí òkè kí baba wa tó dé. Nupe, Hausa àti Ebira náà ti wà níbí tipẹ́. Àlejò kì í ṣe olórí ètò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó ilé àti owó ọjà, tó bímọ síbí, tó sin òkú síbí, ó lẹ́nu níbi tí omi ti ń wọlé rẹ̀. Omi kì í béèrè ìwé ọmọ onílẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí àwọn àgbà wa gbé lọ bá Maigari Lọ́kọ́ja, Olú Ọ̀wọ́rọ̀, káńsù àti iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká. Èkíní, kí wọ́n tó ya ibikíbi sọ́tọ̀, kí wọ́n ṣe ìpàdé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ní èdè tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sọ, kí agégi, elédùú àti àgbẹ̀ wà níbẹ̀. Èkejì, àwọn tó ń jẹun lára òkè ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó àti lílà ọ̀nà iná. Ẹ̀kẹta, owó tó bá wọlé láti ẹnu géètì, kí wọ́n máa kà á sétígbọ̀ọ́ ìlú.

Àwa náà ò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn wẹ́dà wa lè máa ṣe ààrò tí kì í jẹ èédú púpọ̀. Àwọn tó ń ta gáàsì lè gbà kí olóúnjẹ máa san owó sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ wa sì lè gba apá kan lára òkè láti máa ṣọ́ nígbà ẹ̀rùn, lábẹ́ àṣẹ àwọn tó ni ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀wò ní mítíìnì tó ń bọ̀. Ẹni tó bá tako ó, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Ìyẹn náà wà lára jíjókòó ṣètò.