Ẹ Má Pe Ohùn Wa Ní Ariwo

Bí ẹnìkan bá ti dárúkọ Ládìpọ̀ báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Háà, ariwo ibẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù!" Òótọ́ ni, ọjà páàtì mọ́tò kì í ṣe ilé ìkàwé. Òòlù ń dún lórí irin, ẹ́ńjìnì tòkúnbọ̀ ń bú ramúramù, kọ̀ndọ́ ń pe Ọ̀ṣọ́dì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gba irú ohùn yìí sílẹ̀, tí wọ́n gbé e dé Yúróòpù, iṣẹ́ ọnà ni wọ́n máa pè é?

A ò bá Emeka Ogboh jà o. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gba ohùn Èkó sílẹ̀: ìpè àwọn kọ̀ndọ́ dánfó, hóònù, ìpolówó ọjà. Ní 2015, ní Venice, ó gbé ohùn àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé ní Jámánì kalẹ̀, tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè Jámánì ní èdè ìyá wọn. Yorùbá wà níbẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ìlú tó ń bi yín léèrè ìwé ìgbélùú, ẹ gba orin rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wá fi èdè tiyín kọ ọ́ sí i létí. Ìjà nìyẹn, láìju òkúta kankan.

Etí méjì tí wọ́n fi ń gbọ́ wa là ń bá jà. Mọ́tò tó ti kú ní Jámánì ń wá jíǹde ní Ládìpọ̀. Ohùn Èkó sì gbọ́dọ̀ dé Jámánì kó tó níyì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ohun tó fà á ò ṣòro. Nínú gbọ̀ngàn àfihàn, ohùn ní bọ́tìnnì tí wọ́n lè fi pa á. Ìgboro ò ní bọ́tìnnì. Ẹ bi Jelili Atiku. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Prince Claus láti Netherlands nítorí eré àfiṣọnà tó máa ń gbé jáde ní gbangba. Oṣù kìíní 2016, ó gbé òmíràn jáde ní Èjìgbò, àdúgbò rẹ̀ níbí l'Ékòó. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó fẹ́ da àlàáfíà ìlú rú. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ẹjọ́ náà forí ṣánpọ́n. Ọkùnrin kan náà, iṣẹ́ kan náà: òkèèrè pàtẹ́wọ́, ilé gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

Ẹ tún rántí Fẹlá. Ní 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà sun Kalakuta níná lójú ọ̀nà Agége Motor Road, wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, látojú fèrèsé. Ọdún kejì ni màmá kú. Ní 1979, Fẹlá gbé pósí lọ síwájú Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun, ó sì padà fi ọ̀rọ̀ náà kọrin. Nínú mùsíọ́mù, ère lásán ni pósí yẹn ì bá jẹ́. Lẹ́nu géètì àwọn sójà, ìbéèrè ni.

Ohun tí à ń wí ò ju ìyẹn lọ: ibi tí ohùn ti dún ló ń sọ ọ́ di ìjà, kì í ṣe ohun tó sọ nìkan.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé ẹ wá fẹ́ kí etí wa di ni?" Rárá o. Ariwo tó ń di èèyàn létí wà, àwọn tó ń lu irin látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń jẹ nínú ìyà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù, kó wá jókòó tì wọ́n. Àmọ́ "ẹ jẹ́ ká wá nǹkan ṣe sí i" yàtọ̀ sí "ẹ panu mọ́." Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń fi pánù àti irin àlòkù ṣe ère, ẹ̀yin tó ń gba ohùn ọjà sínú fóònù, ẹ gbé iṣẹ́ náà padà wá síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó lu irin náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó rẹ́rìn-ín, bó bú yín, ẹ ti gba èsì tí Venice ò lè fún yín.