Iṣẹ́ kan náà, owó kan náà
Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Niger lé ọ̀gá iṣẹ́ epo mẹ́ta, ará Ṣáínà, kúrò nílùú. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ti Ṣáínà wá ń gba nǹkan bíi dọ́là 8,678 lóṣù, ọmọ Niger ń gba 1,200.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá: Sèmè níbí ni páìpù epo wọn parí sí. A ò ní kí wọ́n má fún àlejò lówó ilé àti owó ọkọ̀. Ó fi ará ilé sílẹ̀ wá ni. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dọ́gba, kí owó iṣẹ́ náà dọ́gba. Kí ìwé àdéhùn sì sọ iye ọmọ wa tí àlejò yóò kọ́ níṣẹ́ kó tó padà sílé. Bí ó bá kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ, kí ló kù fún onílé?